Ẹ̀jẹ̀ Kì í Ṣe Epo

Ọ̀sán gangan ni Méjọ̀ Zira dé láti Àbújá.
Ó bọ́ súwẹ́tà, ó fi nu ojú,
ó ní, "Nọ́ọ̀sì, níbo ni òtútù tí ẹ kọ̀wé nípa rẹ̀ wà?"
Oòrùn Biu ń rẹ́rìn-ín lórí páànù.
Mo fún un ní àga. Ó tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí orúnkún:
ogójì ìbéèrè, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ṣé ẹ gé aṣọ ara ẹni tó gbọgbẹ́, kí ẹ lè rí gbogbo ojú ọgbẹ́?
Bẹ́ẹ̀ ni. Mo gé e.
Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní Kàdúná ni mo ṣe gé e,
láti ọrùn dé kókósẹ̀,
ní aago mẹ́rin ìdájí, nínú oṣù Ṣẹẹrẹ,
nígbà tí ọyẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè
tó sì dógò ti ẹnu ọ̀nà àgọ́ wa.
Bwala Mshelia ni ọmọkùnrin náà ń jẹ́.

Ìbéèrè kẹsàn-án: ṣé ẹ dá ẹ̀jẹ̀ dúró láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta?
Bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi ọ̀já dè é lókè orúnkún, mo lọ́ ọ títí ó fi le.
Mo fẹ́ kọ aago sí iwájú orí rẹ̀,
bírò kọ̀, yíǹkì kò jáde.
Èédú ni mo fi kọ ọ́.

Ẹ̀jẹ̀ dá, ó tún yọ.
Ó dá, ó tún yọ, ó ń sun bí omi ara àmù.
Mo rántí àdí àgbọn ìyá mi ní Ìkìrun:
bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àdí á sùn nínú ìgò,
epo pupa á dì gbagidi, a ó máa fi ṣíbí wà á.
Mo rò pé bí ohun gbogbo tó ń ṣàn ṣe rí nìyẹn.
Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe epo, ọ̀gá.
Bó bá ti tutù, ó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dì.

Lẹ́yìn náà ni Bwala dẹ́kun gbígbọ̀n.
Tabawa, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sọ́dọ̀ wa, ní, "Ara rẹ̀ ti balẹ̀."
Mo ní kó pa ẹnu mọ́.
Ẹni tó ń gbọ̀n ṣì ń bá òtútù jà;
ẹni tí kò gbọ̀n mọ́, òtútù ti wọlé jókòó.

Ìbéèrè kẹtàdínlógún: ṣé ẹ fún un ní omi dírípù?
Omi dírípù wà. Ó tutù bí ẹsẹ̀ òkú.
Mo ti ọ̀kan sábẹ́ abíyá mi, Tabawa ti ìkejì sábẹ́ tirẹ̀,
a dúró bí adìẹ tó sàba,
ìṣẹ́jú méjìlá tí fọ́ọ̀mù yín kò ní àyè fún.
Ìyá arúgbó kan gun òkè wá pẹ̀lú àpò ẹ̀pà mẹ́ta,
àpò òfìfo tó ṣì ń ta òórùn ẹ̀pà. A fi wé e.
Búláńkẹ́ẹ̀tì? Kò sí nínú àkójọ ẹrù tí wọ́n fi ránṣẹ́.
Ìwé ní ilẹ̀ olóoru ni ilẹ̀ wa.

Bwala yè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò yè.
Ẹnìkejì rẹ̀, Yerima, tí ọgbẹ́ tirẹ̀ kò tó nǹkan,
tí mo ní kó dúró díẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán,
n kò fẹ́ sọ nípa rẹ̀.
Ẹ kọ bẹ́ẹ̀ kọ́ síbẹ̀.

Méjọ̀ kò kọ nǹkan kan. Ó wo ọ̀nà, ó wo awakọ̀ rẹ̀.
Mo ní, "Ẹ sùn mọ́jú, ọ̀gá. Ẹ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ di ìdájí."
N kò rò pé yóò gbà.

Ní aago mẹ́rin, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí òkúta.
Súwẹ́tà ti padà sọ́rùn,
ó fi aṣọ ìjókòó ọkọ̀ borí, ètè rẹ̀ ti là.
Ó jókòó nídìí tọ́ọ̀ṣì mi, ó ṣí fọ́ọ̀mù,
ó fi bírò ha ìwé lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì.
Yíǹkì kò jáde.
Kò wò mí lójú.
Ó ti bírò sábẹ́ abíyá,
ó ń dúró.