Orúkọ Ara Àpótí

Mo ti ka gbogbo wa tán sínú ìwé mi aláwọ̀ ewé:
mẹ́rìnlélógún ní Òkè-Ẹlẹ́rìn,
méje ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, tí wọ́n ń jẹ́ Akínróyè
nítorí akọ̀wé owó-orí kan tí kò fẹ́ fi òyìnbó da ara rẹ̀ láàmú.
Mẹ́ta ní Jọ́ọ̀sì.
Ọ̀kan ní Támálè, tí kò bá wọn bọ̀
lọ́dún tí wọ́n lé àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kúrò ní Gánà;
ó fẹ́ ọmọ ibẹ̀, ó di Ékírọ́ọ̀.
Mo kọ òun náà sílẹ̀.
Orúkọ tí wọ́n gé níka ẹsẹ̀ ṣì ń rìn.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi to káàdì aláìsàn
ní ọsibítù àwọn Onítẹ̀bọmi.
Wọ́n ń fi A kọ ọ́, a ń fi É pè é: Ékénrọ́ìdì.
A há sáàárín àwọn Àkàndé àtàwọn Akíntúndé,
káàdì mọ́kànlá péré, tínrín bí èékánná.

Ọ̀jẹ́tọ́lá ni ìyá bàbá mi àgbà ń pè é. Kò mọ bàbá.
Àpótí pákó ló rù láti Ọ̀yọ́, oorun méjì lójú ọ̀nà,
òyìnbó tó ni ín ti bá ibà lọ,
wọ́n ní kó gbé e fún ìjọ tó wà níbí.
Ìjọ kó ìwé inú rẹ̀, wọ́n da òfìfo padà fún un.
Nígbà tí tíṣà ń kọ orúkọ àwọn ọmọ iléèwé,
tó ní, "Ta ni bàbá rẹ?",
ọmọ náà wo ilẹ̀, ó wo tíṣà, ó ní,
"Ẹ kà á lára àpótí."

Ọ̀dà dúdú. Lẹ́tà mẹ́jọ.

Orúkọ tó tọ́jọ́ báyìí, kò ní oríkì!
Bí ìyá mi bá ń jí mi, "Àwẹ̀ró, ọmọ Ékénrọ́ìdì...",
ohùn rẹ̀ a yọ̀ níbẹ̀
bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ tí kò mọ̀ pé àtẹ̀gùn ti tán.
Lọ́jọ́ kan inú bí i, ó hun ún fúnra rẹ̀:
ọmọ a-forí-rorúkọ,
ọmọ òjò-pa-ìwé-kò-pa-ọ̀dà,
ọmọ ẹ-kà-á-lára-àpótí.
Mo sunkún lórí ẹní. Mi ò tíì lè sọ ìdí rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá mo kọ̀wé sí abúlé kan ní àríwá Ìlú Ọba
níbi tí orúkọ náà ti ṣẹ̀.
Arúgbó kan fèsì, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ń gbọ̀n.
Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni ilẹ̀ tí wọ́n ṣán láàárín igi ńlá.
Mo rántí àjàgbọn tiwa, mo rẹ́rìn-ín.
Àwọn náà, ìdí igi ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.
Ó ní òun nìkan ló kù tó ń jẹ́ ẹ;
àwọn ọmọbìnrin òun méjèèjì ti gba orúkọ ọkọ,
ìyókù wà lábẹ́ òkúta ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.
"Mélòó ni yín lọ́dọ̀ yín?" ló bi mí.
Kò bi mí pé báwo ló ṣe jẹ́.

Mo fẹ́ kọ márùndínlógójì, ojú tì mí,
bí ẹni tó ń ka owó lójú ẹni tí àpò rẹ̀ jò.
Àpótí náà ṣì wà lábẹ́ fèrèsé,
sítóòfù ló ń gbé lórí báyìí. Ikán ti jẹ lẹ́tà mẹ́ta.

Oṣù mẹ́rin ni ìwé rẹ̀ fi wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi.
Lánàá, mo mú bírò,
mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé: Ìlú Ọba, ọ̀kan.
A wá di mẹ́rìndínlógójì
títí di alẹ́, tí ìyàwó Ọláníhùn fi bí.