Ẹ̀ẹ̀keje Láàárọ̀ Yìí

Yìnyín ń bọ́ lójú fèrèsé ní Asahikawa,
ẹní tutù bí ìdí àmù.
Màmá Setsuko, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta,
di ọrùn aṣọ mi mú wọ́ọ́rọ́wọ́.

Mo tì wọ́n. Wọn ò tì mí padà.
Mo fà wọ́n; wọ́n ń tẹ̀ lé mi
bí ẹni ń sin àlejò sọ́nà,
àfi gbì! Ẹ̀yìn mi kanlẹ̀.

“Hiroaki, ejìká rẹ ti tú àṣírí
kí ẹsẹ̀ rẹ tó gbéra.”

Mo dìde. Mo dẹ ọwọ́.
N ò lé ìṣẹ́gun mọ́, èémí wọn ni mò ń kà:
ó wọlé, ó jáde,
ó wọlé…
bó ṣe ń jáde, mo yí ìbàdí.

Wọ́n tún dá mi.
Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kọ́kọ́ yẹ̀ díẹ̀.
Mo ń wo àjà,
mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.