Ihò Tí Mo Lu Sára Ògiri

Wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu,
aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́.
Èmi ni mo la ẹnu ògiri náà.
Èmi, Rimvydas, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ iná
ní ìlú Kaunas, lóṣù kìíní tí yìnyín bo òrùlé,
pẹ̀lú ẹ̀rọ ìlu-ihò, fìlà aláwọ̀ ewé,
àti mítà tuntun kan tó ń dán bí ojú ẹja.

Màmá Danguole ṣílẹ̀kùn fún mi.
Opó ni, aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì.
Ó bu tíì fún mi, ó gé búrẹ́dì dúdú,
ó wá ń wo ọwọ́ mi bí ẹni tó ń wá ojú abẹ́rẹ́.
"Kí ni nǹkan yìí ń ṣe?"
Mo ní, "Kíkà ló ń kà, Màmá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Owó iná yín ni yóò bá yín dín kù."
Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.
"Nígbà tí mo wà lọ́mọge,
àwọn tó ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ wa máa ń wọ kóòtù gígùn.
Bàtà wọn ń dún kó-kó-kó lórí àtẹ̀gùn.
A ó gbọ́ wọn, a ó yí ọ̀rọ̀ padà sí ti ọ̀dùnkún."
Bàtà mi kò dún.
Mo ti bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà, nítorí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ìwé àdéhùn náà, ojú ewé mọ́kànlélógójì,
lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà.
Bíírò mi ló fi fọwọ́ sí i.

Mítà kò lójú, kò létí,
àmọ́ ó mọ ẹni tí oorun dá lójú rẹ̀,
ó mọ ìkòkò tó hó láago méjì òru.
Lóṣù kẹta, omi gbígbóná ilé opó kan
di ìlọ́po mẹ́rin.
Ta ní ń wẹ̀?
Ara kan kì í dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọ́fíìsì wa, lókè kẹfà,
ilẹ̀kùn kan wà tí kò lórúkọ.
Ọkùnrin kan máa ń ti ibẹ̀ jáde, á kí wa dáadáa,
á béèrè àlàáfíà ọmọ wa.
Ìjọba ló rán an; àwọn ọ̀gá wa ló ń tajà fún un:
ilé kan, sẹ́ǹtì mẹ́rin.
Mo rí òpópónà rẹ̀ nínú àtòjọ,
ìlà pupa kan lábẹ́ rẹ̀.
Mo pa kọ̀ǹpútà. Mo lọ jẹun ọ̀sán.
Ẹ gbọ́ mi o: mo jẹun yó.

Ìdájí ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n kanlẹ̀kùn.
Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta láti ilé-iṣẹ́ bàtà,
Vaidotas, Skaiste, àti ọmọkùnrin kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀,
tí wọ́n ń gba ìbuwọ́lùwé lòdì sí òfin tó ní
kí ènìyàn mẹ́wàá má pé jọ láìgbàyè.
Lórí ibùsùn aránṣọ ni wọ́n ti mú wọn.
Irun Skaiste ṣì tutù fún omi.

Nílé ẹjọ́, mo dìde, mo sọ ọ́.
Lọ́yà ilé-iṣẹ́ gbé bébà sókè:
"Ṣé ìwọ kọ́ lo búra pé o ó pa àṣírí mọ́?"
Èmi ni.
"Àṣírí ta ni?" ni adájọ́ béèrè.
Kò sẹ́ni tó dáhùn.
Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. Wọ́n tún sún un.
Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi; ìyẹn kò sún.

Mo padà lọ láti yọ mítà náà. Màmá ṣílẹ̀kùn.
Kò bu tíì.
Ó ti rán àpò onírun àgùntàn kan bò ó,
ó sì ti pa gbogbo iná ilé.
"Fi sílẹ̀," ló wí. "Jẹ́ kó máa ka òfo."

Mo ń gba òpópónà yẹn kọjá lálaalẹ́.
Àbẹ́là kan ń jó lẹ́bàá fèrèsé rẹ̀,
nígbà mìíràn òjìji kan, nígbà mìíràn ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀.
N kò kà wọ́n.