Adágún Ẹ̀yìn Òkè-Ọdẹ

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán ní Ojú-Ẹkùn
ni Dúdúyẹmí ti ń tẹ fèrè ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà mi.
Àbúrò ọkọ mi ni. Orúkọ rẹ̀ ń bẹ lẹ́nu ìyá rẹ̀;
èmi ìyàwó ilé ò gbọdọ̀ pè é.
Dúdúyẹmí ni mo sọ ọ́ lọ́dún tí mo wọlé wọn,
nígbà tí kò tíì ní irùngbọ̀n.

Ó gbé ọ̀pá ìwọ̀ mẹ́ta dábùú èjìká.
Èmi gbé ìwé eléwé ogójì
àti awò olójú méjì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń wo bọ́ọ̀lù
láti orí àga tówó rẹ̀ kéré jù ní pápá ìṣeré.
Òórùn obì ò tíì kúrò lára okùn rẹ̀.

Láti Ìgbájà lọ, ọ̀dà tán.
Láti Òkè-Ọdẹ lọ, ọ̀nà gan-an tán,
ó ku koríko, ó ku igi emi kọ̀ọ̀kan
tó dúró jìnnà síra wọn
bí àwọn tó jọ jà tí wọn ò tíì parí ìjà.
Ọ̀kadà ń fò, eyín mi ń pàdé ara wọn.
Lójijì, ilẹ̀ là, omi jókòó sínú rẹ̀.

Kò sí ariwo. Kò sí nẹ́tíwọọ̀kì.
Tápà kan, Ndàgí, ń ran àwọ̀n lábẹ́ igi,
ó kí wa láìgbójú sókè.

"Ìyàwó wa, ẹ má sọ̀rọ̀ o. Ẹja létí."
Mo dákẹ́. Mo gbé awò sójú.
Mo kọ lékèélékèé, ogún àti díẹ̀,
funfun káàkiri etídò bí aṣọ tí ẹnì kan sá tó gbàgbé.
Mo kọ àwòdì, ọ̀kan.
Mo kọ ègà; mo ti gbọ́ wọn kí n tó rí wọn,
wọ́n ń ṣe bíi kíláàsì mi nígbà tí n kò sí níbẹ̀.
Mo kọ pẹ́pẹ́yẹ odò.
Ibẹ̀ ni Yorùbá mi parí sí.

Nítorí ẹyẹ kan dúró nínú omi lódìkejì,
ó ga, àwọ̀ eérú, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀,
ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, n ò mọ ibi tó fi èkejì pamọ́ sí.
Ó ti wà níbẹ̀ ká tó dé.
Ó ń wo omi
bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè tí kò fẹ́ pariwo.
Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọrùn rẹ̀ já bọ́,
ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹja gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá.
Dúdúyẹmí, ní agogo mẹ́ta géérégé,
fa sálúbàtà kan jáde, ti ẹsẹ̀ òsì.

Mo bi Ndàgí lórúkọ ẹyẹ náà.
Ó pè é lédè Tápà, ọ̀rọ̀ kúkúrú tó dùn,
ó wá wò mí: "Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ̀ ń pè é?"
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.
Mo wo bàtà mi.
Ìyá mi ní Ìsánlú-Ìsin ì bá mọ̀ ọ́n;
ìyá tirẹ̀ ì bá tún mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀.
Àwọn méjèèjì ti wọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni mí.
A kì í bi ará ilé ọkọ léèrè orúkọ tó wù wọ́n.
A ó wo ojú wọn, a ó wo ìrìn wọn,
a ó sọ wọ́n, yóò sì mọ́ wọn lára.
Mo kọ ọ́: Mábàámijà. Mo nù ún.
Mo kọ ọ́: Sùúrùlóúnjẹ. Mo nù ún.
Níbi tí mo ti ń gbẹ́ pẹ́ńsù, ó gbéra,
ẹsẹ̀ tó fi pamọ́ yọ jáde,
ó fà á lẹ́yìn bí ẹni fa igi ìdáná relé.

Ndàgí ta àrọ̀ mẹ́rin fún wa.
Dúdúyẹmí fi wọ́n kọ́ iwájú ọ̀kadà
níbi tí gbogbo Òkè-Ọdẹ yóò ti rí wọn.
"Ìyàwó wa, ẹ ò ní sọ o."
Mo ní n kò ní sọ.
Ìlà kan ṣófo nínú ìwé mi,
omi ẹja ti ta sí etí rẹ̀.