Kí Wọ́n Tó Sọ Ọ́ Lórúkọ

Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀ ní Èbúté Mẹ́tta
nígbà tí wọ́n gbé e dé, nínú kúlà tí ẹnìkan ti fi ta omi tútù rí:
ìgò kékeré kan, ìdérí rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò,
ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò kún ṣíbí tíì.
Ìkánjú ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ sí i lára:
"Ọmọ Ṣóbándé. Ọkùnrin. Ọjọ́ keje."
Kò tíì lórúkọ. Ilẹ̀ tó ń mọ́ bọ̀ yìí ni wọn ì bá sọ ọ́.
Nọ́ọ̀sì ní ẹyinjú rẹ̀ ti dà bí àgbálùmọ̀ tó ń pọ́n bọ̀.

Mo fi omi oníyọ̀ fọ sẹ́ẹ̀lì pupa náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
mo fọ́ wọn kí wọ́n lè tu ohun tí wọ́n fi pamọ́.
Ẹ́ńsáímù ni mò ń wá. Kò ṣe é fojú rí;
iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n,
bí a ti ń mọ̀ pé agbálẹ̀ ti kọjá
nígbà tí a bá jí bá ojú ọ̀nà tó mọ́.
Ọ̀gá Dòsùmú, tó kọ́ mi níṣẹ́, a máa sọ pé:
"Má bi ẹ̀jẹ̀ pé kí ló ní.
Bi í pé kí ló lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan."

Ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò ká gba inú ìgò kọjá.
Ìṣẹ́jú kìíní, nọ́ńbà mì díẹ̀.
Ìṣẹ́jú kejì, ọkọ̀ ojúrin akẹ́rù ń kọjá lẹ́yìn ọgbà,
tábìlì gbọ̀n,
nọ́ńbà ta gìrì bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.
Mo pa á rẹ́.
Mo dúró kí wágọ́nù ìkẹyìn ré kọjá.
Mo bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Ẹ̀jẹ̀ tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìfiwéra.
Tèmi ń sáré gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì;
ti ọmọ Ṣóbándé jókòó sí ìdí àtẹ̀gùn.
Mo tún un ṣe. Ó tún jókòó.

Mo pe wọ́ọ̀dù. "Ẹ bá mi bi wọ́n
bóyá káńfọ̀ wà nínú aṣọ ọmọ."
Mo gbọ́ bí ìbéèrè náà ti ń lọ láti ẹnu dé ẹnu,
títí ó fi kan ohùn arúgbó kan.
Ìyá bàbá ọmọ ni. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n
ló ti ń tọ́jú fìlà, ìbọ̀sẹ̀, súwẹ́tà olómi ọsàn
tí wọ́n fi gbé bàbá ọmọ yìí wálé láti ilé ìgbẹ̀bí.
Nínú àpótí ni. Kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́.
Ọdọọdún ló ń fi káńfọ̀ tuntun sí i.
"Ṣé mo ṣìṣe ni?" ló ń bi wọ́n. "Ṣé mo ṣìṣe ni?"
N kò gbọ́ èsì. Ẹnìkan ní kí wọ́n tètè bọ́ ọ.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Wọ́n ti wo ilé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wo àpótí.
Mo kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé ńlá,
mo fi báyò pupa fàlà sí i nídìí.
Níbi tó yẹ kí orúkọ wà,
mo fi àyè sílẹ̀,
àyè tó gbà ju orúkọ kan lọ.