Ọ̀nà Tí Wọ́n Tún Là

Wọ́n ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.
Ó dáa. Ṣùgbọ́n bó bá ti tó ogójì ọdún
tí ẹni tí a bi ti rin ọ̀nà náà gbẹ̀yìn ńkọ́,
tí omi ti gbé afárá, tí wọ́n ti la òmíràn?

Ọjọ́ Ẹtì, òjò Wéélsì ń gbá fèrèsé bí ẹni wá sin gbèsè,
Ọ̀gbẹ́ni Prothero wọ ilé ìkàwé wa,
ìwé kan lábíyá rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já,
wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó délé ayé.
Ó fi àtàǹpàkò tẹ ìlà kan mọ́lẹ̀:
Ifan Prothero, afọ́kùúta. Òkúta wó pa á.
Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń gbé òdòdó
lọ sẹ́sẹ̀ òkè yẹn, tó ń kí i bí ẹni ń kí ibojì.

Tegwen kò bá a jiyàn.
Ó fa agolo bisikíìtì jáde lábẹ́ tábìlì
(mi ò rí bisikíìtì níbẹ̀ rí),
bébà pélébé-pélébé ló kún un dẹ́nu:
ta ló kọ kí ni, oṣù wo ló jáde, ojú ewé wo,
àti orúkọ ẹni tó yẹ kó gbọ́.
Alaalẹ́ ló ń ka ìwé ìwádìí àwọn ọ̀mọ̀wé,
irú èyí tí ènìyàn mẹ́jọ ń rà,
tó ń yọ orúkọ ìdílé nínú wọn
bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

"Oṣù tó kọjá lèyí jáde."
Obìnrin kan ní Báńgọ̀ ti ka ìwé ilé ìwòsàn àwọn afọ́kùúta,
nínú àpótí tí ẹnikẹ́ni kò ṣí rí.
Ifan: ẹsẹ̀ òsì kán. Wọ́n tò ó.
Ọjọ́ kejìdínlógójì, ó lọ sílé.
Lẹ́yìn náà, orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ọkọ̀ òkun,
òun àti ìyàwó kan tí ará ilé kò gbọ́ rí,
Patagóníà.

Inú bàbá náà kò dùn. Ó yà mí lẹ́nu.
Ó tún un kà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.
"Ta wá ni mo ń gbé òdòdó fún?"

Tegwen dákẹ́ títí.
Ó ní èyí náà lè ṣàṣìṣe o,
ó ní ẹnì kan ń kọ òmíràn lọ́wọ́ níbì kan,
ó sì kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sórí bébà tuntun.

Bàbá gbàgbé ìwé àtijọ́ náà sórí tábìlì.
Ó ti dé ìdí ọkọ̀ kó tó sáré padà wá mú un,
ó tì í bọ abẹ́ ẹ̀wù òjò
níbi tó fi tuntun sí.