Ohun Tí N Kò Kọ Sínú Ìwé Ìpàdé

Ọjọ́ Ẹtì, agogo márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú,
nílé àwòrán wa ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́.
Èmi akọ̀wé kọ ọ́ báyìí:
"Ènìyàn márùn-ún ló wá. Ọ̀gbẹ́ni Akíndùró gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀."
N kò kọ ọ́ pé àdúrà náà gùn,
pé ó ń dárúkọ gbèsè wa fún Ọlọ́run lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń ka owó síwájú oníbáńkì.

Màmá Adétuyì ni alága.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi gbẹ̀bí ní ọsibítù ìjọba.
Kò mọ bí a ti í po ọ̀dà,
ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti í dúró ti ẹni tó ń rọbí:
ẹ má kánjú fà á, ẹ má sì sùn tì í.
Bó ṣe ń darí wa náà nìyẹn.

Akíndùró, ọmọ Oǹdó, ni akápò.
Nínú oṣù Èbìbí, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò rẹ̀:
"Epo jẹnẹrétọ̀, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà,
láti ọwọ́ olóore tí kò fẹ́ ká dárúkọ òun."
Mo mọ olóore náà.
Mo rí i ní Arákàlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn kan náà,
ó ń fẹsẹ̀ rìn, ọ̀kadà ń kọjá lára rẹ̀,
ẹni tó gba owó ìfẹ̀yìntì níjẹta.
N kò kọ ìyẹn náà.

Bọ́ládalẹ̀ agbẹ́gilére sùn
nígbà tí mò ń ka àkọsílẹ̀ oṣù tó kọjá.
Kí n má purọ́, èmi náà ì bá sùn
bí kì í bá ṣe pé èmi ni mò ń kà á.

Ìbídùn ló kéré jù nínú wa,
òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní àwòrán lọ́jọ́ Sátidé.
A jẹ ẹ́ lówó oṣù mẹ́rin.
Kò béèrè.
Àìbéèrè rẹ̀ ń ta mí bí ẹ̀gún abẹ́ èékánná.

Ọ̀rọ̀ kẹta: òrùlé tó ń jò.
Ọ̀rọ̀ kẹrin: owó ilé.
Bàbá onílé fi ọdún kan foríjì wá; bàbá ti kú,
àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ foríjì.
Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀ lé tábìlì.
"Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ṣé ká ti ilẹ̀kùn yìí?"
Mo kọ ọ́: "Alága dá a lábàá pé kí á pa ilé náà dé."
Akíndùró gbè é lẹ́yìn, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.
Màmá ní, "Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó na..."

Ni òjò dé.
Èyí tó ti orí àpáta Ìdànrè sáré wá,
tí kì í kan ilẹ̀kùn.
Ọwọ́ gbogbo wa lọ sókè lóòótọ́:
wọ́n lọ sí ara ògiri.
Màmá, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ti gun àga,
ó ń já àwòrán lára ìṣó.
Bọ́ládalẹ̀ tó ń sùn lẹ́ẹ̀kan ti gbé ère méjì há abíyá.
Akíndùró bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bo iṣẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ kan:
ewúrẹ́ aláwọ̀ búlúù, ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún.
Ìbídùn ń to korobá nínú òkùnkùn,
ó mọ ihò òrùlé bí ahọ́n ti mọ eyín tó ká.
Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀,
àfi Màmá tó ń wí pé, "Rọra. Rọra. Má fà á."

Nígbà tí òjò dá, ilẹ̀ ti ṣú.
A jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, à ń mí hẹlẹhẹlẹ.
Ẹnì kan béèrè ibi tí a bọ́rọ̀ dé.
Kò sẹ́ni tó rántí.
Tàbí a rántí.
Mo ṣí ìwé; omi ti sọ ọ̀rọ̀ kẹrin di ìkúùkù.
Mo kọ èyí sábẹ́ rẹ̀:
"Ìpàdé tú ní agogo méje. A kò dìbò.
Ewúrẹ́ kò tutù.
Kí akápò ra korobá méjì sí i."